Orí Bátìrì Tí Kò Fún: Ohun Tó Ń Fa Ìrusókè Iná Nínú Ọkọ̀ Ọ̀nà Oko

Ìkòyí-Ilé, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Oríire ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, jẹ́ ìlú Oníkòyí, ẹni tí ó jẹ́ olórí Ẹkùn Òsì nígbà tí ilẹ̀ ọba Ọ̀yọ́ àtijọ́ ṣì wà ní ipò agbára. Ṣùgbọ́n lóde òní, oko ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ agbègbè náà, nítorí pé iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ṣóyà àti kajú ni àwọn ará ibẹ̀ ń gbìn, tí wọ́n sì ń kó lọ tà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ọ̀yọ́ àti ní ìlú tí ó jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí irè oko tó dé títì ọ̀dà, ó ti gba ọ̀nà erùpẹ̀ pupa, ó ti kọjá odò kéékèèké tí kò ní afárá, ó sì ti gun òkúta àti kòtò tí ọ̀gbàrá gbẹ́ sílẹ̀. Oríṣiríṣi ọkọ̀ ló ń rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀: ọ̀kadà ló pọ̀ jù, Hilux àti Land Cruiser tòkunbọ̀ tẹ̀lé e, Peugeot 504 akẹ́rù tí ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀ kò tíì tán lójú ọ̀nà, katakata tí ń túlẹ̀ náà sì ń ti oko kan bọ́ sí òmíràn. Ìjọba ìbílẹ̀ Oríire wà lára àwọn tí ó yí Old Oyo National Park ká, ìyẹn igbó tí ìjọba àpapọ̀ yà sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ẹranko, tí ó fẹ̀ tó kìlómítà onígun-mẹ́rin 2,512, ọkọ̀ àti ọ̀kadà àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó náà kò sì bọ́ lọ́wọ́ ìyà kan náà.

Ìyà tí ó hàn sójú ni ti táyà, ṣọ́ọ̀kì àti ṣásí, gbogbo ènìyàn ló sì mọ̀ ọ́n. Èyí tí ó fara pamọ́ ni ti iná. Gílóòbù iwájú á jó lónìí, wọn á pààrọ̀ rẹ̀, tuntun náà á sì tún jó kí ọ̀sẹ̀ tó yí. Bátìrì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á bẹ̀rẹ̀ sí í wú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bréènbọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tí ń pàṣẹ fún ẹ́ńjìnì, á kú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Awakọ̀ a máa sọ pé ayédèrú ọjà ni wọ́n tà fún òun, rìwáyà, ìyẹn oníṣẹ́ iná ọkọ̀, a sì máa sọ pé ọ́tánétọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń pèsè iná fún ọkọ̀, ló bàjẹ́. Òótọ́ lè wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ tí ń rìn ní ọ̀nà oko, ibi tí ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò ni ibi tí wáyà ti so mọ́ bátìrì àti ibi tí wáyà ilẹ̀ ti so mọ́ ṣásí àti ẹ́ńjìnì, nítorí pé ìsopọ̀ tí kò fún ní ọ̀kan nínú àwọn ibi wọ̀nyí tó láti sọ ọ́tánétọ̀ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá di ohun tí ń ba ọkọ̀ jẹ́.

Ìrusókè iná ni kí agbára tí ń ti iná gba inú wáyà, èyí tí wọ́n ń fi fóltì wọ̀n, ṣàdédé ga kọjá ohun tí ẹ̀yà ọkọ̀ lè gbà, yálà fún ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú àáyá kan ni o, tàbí fún gbogbo àsìkò tí ẹ́ńjìnì fi ń ṣiṣẹ́. Fóltì 12 ni wọ́n kà sí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké lọ́rùn, ṣùgbọ́n bátìrì tí ó yó dáadáa tí ó sì wà ní ìsinmi máa ń fi nǹkan bíi 12.6 hàn lójú mítà, nígbà tí wọ́n bá sì ṣáná sí ọkọ̀, tí ọ́tánétọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ bátìrì, òǹkà náà á gòkè sí àárín 13.8 sí 14.5. Bí ó bá ti kọjá 15, tí kò sì sọ̀, nǹkan ti ṣẹlẹ̀: omi inú bátìrì á bẹ̀rẹ̀ sí í hó, afẹ́fẹ́ haidirójìn tí ó lè gbaná á máa jáde láti inú rẹ̀, òwú inú gílóòbù á sì gbóná ju bí wọ́n ti ṣe é lọ. Irú iná bẹ́ẹ̀, tí ó ga tí ó sì dúró lókè, rọrùn láti mọ̀ nítorí pé mítà tí ó wà lọ́wọ́ rìwáyà yóò fi hàn. Èyí tí ó léwu jù fún ọkọ̀ ìgbàlódé ni irú kejì, tí ó ga lójijì tí ó sì lọ kí mítà lásán tó rí i, tí kò fi àmì mìíràn sílẹ̀ ju ẹ̀yà tí ó kú lọ.

Bí irú kejì yìí ṣe ń wáyé kò ṣeé lóye láìmọ ohun tí ó wà nínú ọ́tánétọ̀, ẹ̀rọ tí bẹ́líìtì ẹ́ńjìnì ń yí, tí ó sì ń sọ yíyí náà di iná. Okùn kọ́pà kan tí wọ́n wé mọ́ irin ń yí ní àárín rẹ̀, iná díẹ̀ tí wọ́n ń rán sínú okùn náà sì ń sọ ọ́ di mágnẹ́ẹ̀tì. Okùn kọ́pà mẹ́ta mìíràn dúró yí i ká, inú wọn sì ni iná tí ọkọ̀ ń lò ti ń jáde. Dáyódù, ìyẹn ẹ̀yà kékeré tí ń jẹ́ kí iná kọjá sí ọ̀nà kan ṣoṣo tí kì í jẹ́ kí ó padà, ló ń sọ iná náà di irú èyí tí bátìrì lè gbà, mẹ́fà rẹ̀ ló sì sábà máa ń wà nínú ọ́tánétọ̀ kan. Rẹ́gúlétọ̀ ló ń ṣọ́ gbogbo rẹ̀: bí fóltì bá fẹ́ ga jù, ó ń dín iná tí ń lọ sí mágnẹ́ẹ̀tì àárín kù, bí ó bá sì lọ sílẹ̀, ó ń fi kún un. Ṣùgbọ́n mágnẹ́ẹ̀tì yìí kì í kú lẹ́ẹ̀kan náà tí rẹ́gúlétọ̀ bá pa á láṣẹ. Agbára rẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀ fún bí ìdá mélòó kan nínú ìṣẹ́jú àáyá, láàrin àsìkò náà ọ́tánétọ̀ kò sì lè ṣàì máa tú iná jáde.

Bátìrì ló ń gba iná náà mọ́ra, bí adágún ṣe ń gba ọ̀gbàrá, tí fóltì kì í fi í ga. Bí ọkọ̀ bá wá ń bọ̀ láti oko pẹ̀lú bátìrì tí kò yó, tí ọ́tánétọ̀ sì ń rán ámpíà 60 sí i, tí táyà bọ́ sínú kòtò, tí orí bátìrì tí kò fún sì fò kúrò lórí òpó rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré, gbogbo iná tí ń lọ sínú bátìrì náà kò ní ibòmíràn tí yóò gbà mọ́ ju inú gílóòbù, rédíò, bréènbọ́ọ̀sì àti rílè, ìyẹn ẹ̀yà kékeré tí ń fi iná díẹ̀ tan iná ńlá, lọ. ISO 16750-2, ìwé ìlànà tí àwọn tí ń ṣe ẹ̀yà iná ọkọ̀ ń tẹ̀ lé káàkiri àgbáyé, fi ìwọ̀n ohun tí ẹ̀yà ọkọ̀ onífóltì 12 lè bá pàdé ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ sí àárín fóltì 79 sí 101, fún mílísẹ́kọ́ńdì 40 títí dé 400, bí ọ́tánétọ̀ kò bá ní ohun tí ń ká a lọ́wọ́ kò nínú ara rẹ̀. Mílísẹ́kọ́ńdì 400 kò tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kan, síbẹ̀ ó ti pọ̀ tó láti pa ẹ̀yà tí wọ́n ṣe fún fóltì 12.

Ibí ni àṣà kan wà tí ó yẹ kí àwọn ọ̀gá iṣẹ́ fi sílẹ̀ pátápátá. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ́tánétọ̀ ń ṣiṣẹ́, wọn á ṣáná sí ọkọ̀, wọn á fi sípánà tú orí bátìrì kan, wọn á yọ ọ́ nígbà tí ẹ́ńjìnì ń dún lọ́wọ́, bí ẹ́ńjìnì kò bá sì kú, wọn á ní ọ́tánétọ̀ dára. Àṣà náà ní ìdí tí ó fi fìdí múlẹ̀. Peugeot 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní ọdún 1975 tí ó sì di ọkọ̀ gbogboogbò ní Nàìjíríà, kò ní bréènbọ́ọ̀sì kankan. Kabúrétọ̀ ló ń po epo rẹ̀, ohun tí ìrusókè iná sì lè rí bàjẹ́ nínú rẹ̀ kò ju gílóòbù, rédíò àti dáyódù ọ́tánétọ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ lórí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè yọ orí bátìrì lọ́pọ̀ ìgbà kí ó má sì rí aburú kankan. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí ń wọlé báyìí ní kọ̀ǹpútà tí ń pàṣẹ fún ẹ́ńjìnì, òmíràn fún jíà, òmíràn fún bíréèkì, ohun tí ọ̀gá náà sì ń ṣe nígbà tí ó bá yọ orí bátìrì ni pé ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun tí kòtò ọ̀nà oko ń ṣe láìròtẹ́lẹ̀. Mítà, tí owó rẹ̀ kéré jọjọ sí ti bréènbọ́ọ̀sì kan, yóò sọ ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ láìyọ ohunkóhun.

Ọ̀rọ̀ nípa ọ́tánétọ̀ kò tíì parí. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń ṣe lóde òní ni wọ́n fi dáyódù àrà ọ̀tọ̀ sí, irú èyí tí ń ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún iná láti gba ilẹ̀ lọ nígbà tí fóltì bá kọjá ààlà kan, tó bẹ́ẹ̀ tí ìrusókè tí ì bá dé fóltì 100 kò fi ní ga ju nǹkan bíi 35 lọ. Bí irú ọ́tánétọ̀ bẹ́ẹ̀ bá wá bàjẹ́, tí wọ́n sì gbé e lọ fún ẹni tí ń tú u palẹ̀ tí ó ń tún un tò, dáyódù lásán ni wọ́n sábà máa ń fi rọ́pò rẹ̀, nítorí pé òun ló wà lọ́jà, ojú kò sì lè fi ìyàtọ̀ méjèèjì mọ̀. Ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gba iná padà, mítà á fi 14 hàn, inú olówó á dùn, kò sì ní sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ohun tí ń dá ààbò bo bréènbọ́ọ̀sì ti bá dáyódù àkọ́kọ́ lọ.

Wáyà ilẹ̀ ni èkejì nínú ohun tí wọ́n ń fojú fò. Nínú ọkọ̀, irin ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí bátìrì, èyí ni wọ́n ṣe ń so wáyà nínípọn kan láti orí nẹ́gátíìfù bátìrì mọ́ ṣásí, tí wọ́n sì ń so òmíràn láti ṣásí mọ́ ẹ́ńjìnì. Nínú Hilux tí ó ti rin ọ̀nà oko fún ọdún díẹ̀, ibi tí wáyà yìí ti pàdé irin ló tọ́ sí àyẹ̀wò fínnífínní: erùpẹ̀ pupa ti dì mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí orí bóòtì kò fi hàn mọ́; bí wọ́n bá fi omi fọ̀ ọ́, ìpẹtà á hàn lábẹ́ irin tí ó mú wáyà náà, ohun aláwọ̀ ewé bí ìyẹ̀fun á sì wà láàrin àwọn okùn kọ́pà, nítorí omi odò tí ó ń wọ̀ ọ́ ní gbogbo ìgbà òjò; bí wọ́n bá sì fi ọwọ́ mì ín, wáyà á yí lábẹ́ bóòtì tí ó dà bí ẹni pé ó fún. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣáná sí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, iná tí kíkí-sítátà ń fà, tí ó lè ju ámpíà 150 lọ, kò rí ojúlówó ọ̀nà rẹ̀ gbà padà, ó sì ń wá ọ̀nà mìíràn, ó ń gba okùn tí ń fa epo, ó ń gba irin jíà, ó sì ń gba wáyà ilẹ̀ tín-ín-rín tí ó jẹ́ ti bréènbọ́ọ̀sì, tí wọn kò ṣe fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀ rárá.

Nínú ọkọ̀ àtijọ́ àti nínú ọ̀pọ̀ katakata, tí rẹ́gúlétọ̀ wọn wà lọ́tọ̀ tí kì í ṣe inú ọ́tánétọ̀, ilẹ̀ tí kò dára tún ń ṣe ohun mìíràn. Rẹ́gúlétọ̀ kò lè mọ iye fóltì tí ó wà lórí bátìrì àfi nípa wíwọn ìyàtọ̀ láàrin wáyà tí ó ti ibẹ̀ wá àti irin tí wọ́n dè é mọ́. Bí ìpẹtà bá wà láàrin òun àti irin náà, iye tí ó ń rí yóò kéré sí òtítọ́, yóò sì máa pàṣẹ kí ọ́tánétọ̀ fi kún un, títí bátìrì yóò fi máa hó. Nínú àwọn Toyota tí ó ní wáyà tín-ín-rín tí ń gbé ìròyìn bátìrì lọ sí ọ́tánétọ̀, ìpẹtà nínú sọ́ọ̀kẹ́ẹ̀tì wáyà yẹn ń fa irú àṣìṣe kan náà. Nínú gbogbo èyí, kò sí ohun tí ó bàjẹ́ nínú ọ́tánétọ̀ tàbí rẹ́gúlétọ̀. Bí wọ́n bá pààrọ̀ méjèèjì, tuntun náà yóò ṣe bí èyí tí wọ́n yọ ti ń ṣe.

Ti ọ̀kadà yàtọ̀, ó sì tọ́ kí àlàyé rẹ̀ dá dúró, nítorí òun ni ọkọ̀ tí àgbẹ̀ Ìkòyí-Ilé ń lò jù lọ. Ọ̀kadà Bajaj, TVS àti àwọn tí ó ti Ṣáínà wá kò ní irú ọ́tánétọ̀ tí ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ní. Mágnẹ́ẹ̀tì tí kì í kú ni wọ́n dè mọ́ ẹ́ńjìnì, okùn kọ́pà sì dúró nínú rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnì bá ṣe ń yára yí tó, bẹ́ẹ̀ ni fóltì tí ń jáde ń ga tó, kò sì sí bí rẹ́gúlétọ̀ ṣe lè pàṣẹ fún mágnẹ́ẹ̀tì náà kí ó dẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí rẹ́gúlétọ̀ ọ̀kadà lè ṣe ni kí ó da iná tí ó bá ṣẹ́kù sílẹ̀, kí ó sọ ọ́ di ooru, èyí ló mú kí ara rẹ̀ jẹ́ irin tí wọ́n ṣe ní ìlà-ìlà, kí afẹ́fẹ́ lè máa tù ú. Bí ẹrẹ̀ bá wá bo àwọn ìlà náà, ooru kò ní ríbi jáde, ẹ̀yà inú rẹ̀ á sì jó. Bí bóòtì tí ó dè é mọ́ férémù bá sì ti tú, kò ní ilẹ̀ tí yóò da iná sí. Láti ìgbà yẹn lọ, kò sí ohun tí ń dá fóltì dúró mọ́ ju ìwọ̀n ìyára ẹ́ńjìnì lọ. Ọlọ́kadà tí ó ru àpò ẹ̀gẹ́ méjì, tí ó fi jíà kékeré gun òkè tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ sì ń han gooro, ni gílóòbù rẹ̀ yóò jó lórí òkè yẹn gan-an, kì í ṣe nígbà tí ó dúró jẹ́ẹ́ ní gárééjì.

Èyí tí ó tún burú ju ìyẹn lọ ni bí àwọn kan ṣe ń gun ọ̀kadà láìsí bátìrì. Bátìrì rẹ̀ á kú, owó òmíràn kò ní sí nílẹ̀, ẹsẹ̀ sì tó láti fi ta á, nítorí náà wọn á yọ bátìrì náà sọnù, wọn á fi rọ́bà wé orí wáyà rẹ̀, iṣẹ́ á sì máa lọ. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ yé ènìyàn, nítorí ọjọ́ kan tí ọ̀kadà kò bá ṣiṣẹ́ jẹ́ ọjọ́ tí oúnjẹ kò wọlé. Ṣùgbọ́n bátìrì náà ló ń gba ìfò iná tí rẹ́gúlétọ̀ kò tètè mú, láìsí i, rẹ́gúlétọ̀ nìkan ló ń dá iṣẹ́ náà ṣe, ẹ̀mí rẹ̀ kì í sì í gùn. Àwọn ọ̀kadà eré-ìje orí erùpẹ̀ tí wọ́n ṣe láti rìn láìsí bátìrì máa ń ní kàpásítọ̀ ńlá, ìyẹn ẹ̀yà tí ń gba iná pamọ́ fún ìgbà díẹ̀, ní ipò rẹ̀. Ọ̀kadà tí wọ́n kàn yọ bátìrì lára rẹ̀ kò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá sì so sọ́ọ̀kẹ́ẹ̀tì tí ń gba iná sí fóònù mọ́ irú ọ̀kadà yìí ń fi fóònù rẹ̀ wéwu.

Orísun mìíràn wà tí kò ní í ṣe pẹ̀lú ọ́tánétọ̀ rárá. Ní ọdún 1831, Michael Faraday ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé bí agbára mágnẹ́ẹ̀tì bá ń yí padà lẹ́bàá okùn kọ́pà, iná yóò dìde nínú okùn náà, ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Joseph Henry ní Amẹ́ríkà sì ṣàlàyé pé okùn tí wọ́n wé ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ara rẹ̀ pàápàá nígbà tí wọ́n bá já iná rẹ̀ lójijì. Ohun tí ń jẹ́ kí plọ́ọ̀gì ṣáná nìyẹn, nítorí kọ́ìlì ń sọ fóltì 12 di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ṣùgbọ́n bákan náà ni rílè, fèrè ọkọ̀, fáànù àti mọ́tọ̀ kíkí-sítátà ṣe ní okùn wíwé nínú, nígbà tí wọ́n bá sì pa wọ́n, ìfò iná tí ó lè tó ọgọ́rùn-ún fóltì mélòó kan ń padà sínú wáyà. Ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ mọ èyí, ó sì ti fi dáyódù tàbí nǹkan tí ó jọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pọ̀ rílè. Wàhálà wà nínú ohun tí wọ́n fi kún ọkọ̀ lẹ́yìn: fèrè ńlá, iná àfikún orí rúùfù, àti wíǹṣì, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń fi okùn irin fa ọkọ̀ tí ó rì sínú ẹrẹ̀ jáde, tí ó lè fa ju ámpíà 400 lọ nígbà tí ẹrù bá wúwo. Bí wọ́n bá so irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́ wáyà tín-ín-rín tí ó sún mọ́ wọn jù, dípò kí wọ́n fà á tààrà láti bátìrì, ìfò tí ó bá wáyé nígbà tí wọ́n bá pa á kò ní kọ́kọ́ dé bátìrì kí ó tó dé bréènbọ́ọ̀sì.

Ìrànlọ́wọ́ ojú ọ̀nà náà a máa pa ọkọ̀. Ní abala Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ nínú títì ńlá Ìbàdàn sí Ìlọrin, tí ó gùn tó kìlómítà 52, trélà kì í wọ́n, awakọ̀ rẹ̀ kì í sì í kọ̀ láti fi bátìrì rẹ̀ ran ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò ṣáná lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bátìrì méjì ni ọ̀pọ̀ trélà so pọ̀ kí ó lè di fóltì 24, tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ bá sì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ó ń lọ sí 28. Ẹni tí ó bá fi wáyà gbé gbogbo rẹ̀ sórí Hilux onífóltì 12 ti rán ìlọ́po méjì ohun tí ọkọ̀ náà lè gbà sí i. Bí ó bá di dandan, orí bátìrì ẹyọ kan ṣoṣo nínú méjèèjì ni kí wọ́n ti fa iná, kí ẹ́ńjìnì trélà sì wà ní pípa.

Ti wẹ́dà tún wúwo ju ìyẹn lọ, pàápàá fún ọkọ̀ tí ń ru iṣu, nítorí ṣásí tí ń ru ẹrù lórí kòtò kò ní ṣàì sán. Ẹ̀rọ wẹ́dà lè gbé fóltì tí ó sún mọ́ 80 kí iná rẹ̀ tó mú irin, ó sì ń rán ámpíà tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ gba inú irin náà. Bí irin tí ó fi di ilẹ̀ mú bá wà ní iwájú ọkọ̀ nígbà tí ó ń jó irin lẹ́yìn, gbogbo ara ọkọ̀ ni iná náà yóò gbà kọjá, títí kan dáyódù ọ́tánétọ̀ àti bréènbọ́ọ̀sì. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí ẹ́ńjìnì ti kú, kí orí bátìrì méjèèjì ti kúrò, kí wọ́n ti fa sọ́ọ̀kẹ́ẹ̀tì bréènbọ́ọ̀sì yọ, kí irin ilẹ̀ wẹ́dà sì wà nítòsí ibi tí ó ń jó gan-an. Katakata tuntun náà ń fẹ́ irú ìtọ́jú yìí, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ní kọ̀ǹpútà nínú.

Omi àti eku ni ó kù. Omi odò tí ó wọ sọ́ọ̀kẹ́ẹ̀tì lè so wáyà méjì tí kò yẹ kí ó pàdé pọ̀, eku tí ó wọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn sì lè jẹ rọ́bà ara wáyà títí kọ́pà yóò fi máa kan irin nígbàkúùgbà tí ọkọ̀ bá mì. Ní ti àrá, ọkọ̀ tí àrá sán lù kò wọ́pọ̀ rárá, ẹ̀bi ìrusókè iná kò sì yẹ ní gbígbé lé àrá lórí bí kò bá sí àmì jíjó lára ọkọ̀.

Àwọn ènìyàn kan gbàgbọ́ pé fíúsì yóò gba ọkọ̀ lọ́wọ́ gbogbo èyí. Fíúsì kì í ṣọ́ fóltì; iye iná tí ń kọjá nínú rẹ̀ ló ń ṣọ́, ó sì nílò àkókò kí ó tó gbóná kí ó tó já, nígbà tí ìrusókè iná yóò ti ṣe ohun tí ó fẹ́ ṣe kí fíúsì tó mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Fíúsì tí wọ́n sì ti fi okùn kọ́pà rọ́pò rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti wọ́pọ̀, kò wúlò fún iná àpọ̀jù pàápàá.

Mítà lásán tó fún ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò náà. Bí wọ́n bá fi ẹnu rẹ̀ kan sórí nẹ́gátíìfù bátìrì, tí wọ́n fi èkejì kan irin ẹ́ńjìnì, tí ẹnìkan sì ń ṣáná, òǹkà kò yẹ kí ó kọjá ìdajì fóltì. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, wáyà ilẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá yí mítà sí irú iná ilé, tí wọ́n wọ̀n ọ́n lórí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnì ń dún, tí ó sì fi ju ìdajì fóltì hàn, ó ṣeé ṣe kí dáyódù kan nínú ọ́tánétọ̀ ti kú. Ìṣòro tí ó wà nínú àyẹ̀wò gárééjì ni pé ọkọ̀ dúró jẹ́ẹ́: orí bátìrì tí kò fún yóò jókòó sórí òpó rẹ̀, gbogbo òǹkà yóò sì pé, awakọ̀ á sì san owó iṣẹ́, á tún padà sọ́nà pẹ̀lú àìsàn kan náà. Nítorí ìdí èyí, rìwáyà tí ó mọ iṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀yọ́ gbọ́dọ̀ máa fi ọwọ́ mi wáyà kọ̀ọ̀kan bí ẹ́ńjìnì ti ń dún, kí ojú rẹ̀ sì wà lára mítà. Bí èyí kò bá sì fi nǹkan kan hàn, kí ó gbé mítà wọ inú ọkọ̀, kí ó so ó mọ́ ibi tí wọ́n ti ń tan sìgá, kí awakọ̀ sì wa ọkọ̀ náà lọ sójú ọ̀nà erùpẹ̀ pẹ̀lú ẹrù tí ó máa ń rù, nítorí pé orí kòtò nìkan ni orí bátìrì náà ti ń fò.